Ewé Tí Tíṣà Ayọ̀rìndé Kò Dúró Gbọ́ Èsì Rẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ dákun, ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni títí ẹ ó fi kà á dé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń pa èèyàn láàárín wa. Ìgbéraga náà ń pa èèyàn.

1.
Ọdún márùndínlógójì ni Tíṣà Ayọ̀rìndé fi kọ́ ọmọ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìgbẹmọ kó tó fẹ̀yìntì. Ìyá rẹ̀ fi ewé kan hàn án kó tó kú, tí wọ́n ń sè mu fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Tíṣà alára ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn ilé ìwòsàn ló ń lò láràárọ̀, àmọ́ ewé yẹn ló gbọ́kàn lé.

Ó di ewé náà sínú àpò, ó gbé e lọ sí Adó, sọ́dọ̀ Dókítà Sẹ̀gilọlá, tó ń ṣe ìwádìí ewé àti oúnjẹ ní yunifásítì. Tíṣà ló kọ́ Sẹ̀gilọlá ní ìwé kíkà nígbà tó wà ní kékeré. Bó ṣe rí i nínú aṣọ funfun láàárín àwọn ẹ̀rọ, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọmọ Ìgbẹmọ rèé," ó sọ fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. "Èmi ni mo kọ́ ọ."

2.
Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Sẹ̀gilọlá pè é. Wọ́n ti fún àwọn eku kan ní omi ewé náà, ẹ̀jẹ̀ wọn tó ń ru sì ti ń wálẹ̀.

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀," ni Tíṣà wí.

"Ẹ ní sùúrù, sà. Eku ni, kì í ṣe èèyàn. A ò tíì yẹ kíndìnrín wọn wò, a ò sì tíì mọ ìwọ̀n tó yẹ. Ẹ má dá oògùn yín dúró o."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ṣé ó gbọ́? Ìdajì ọ̀rọ̀ náà ló mú lọ sílé. Kí oṣù tó parí, ó ti gba ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó, ó rọ àgbo ewé náà sínú ike, ó lẹ bébà mọ́ ọn: YUNIFÁSÍTÌ TI YẸ̀ Ẹ́ WÒ. Ó wá gbé ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀ lọ fún Sẹ̀gilọlá pé kó fọwọ́ sí i.

Sẹ̀gilọlá kúnlẹ̀. "Sà, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má kọ ìdáhùn sílẹ̀ nígbà tí mi ò tíì ṣe ìṣirò tán. Mi ò lè fọwọ́ sí i."

"Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ forí jì mí, sà. Mi ò lè ṣe é."

Tíṣà bínú jáde. Láti ọjọ́ náà, kò gbé ìpè Sẹ̀gilọlá mọ́.

3.
Dùnmínínú, ìyàwó Tíṣà, ṣàkíyèsí pé oògùn inú páálí kò dín kù.

"Bàbá Jùwọ́n, ẹ ò lo oògùn yín mọ́?"

"Ta ni yóò ra àgbo lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé oògùn òyìnbó mì?"

Ife kékeré kan lọ́sẹ̀ ni ìyá Tíṣà máa ń mu nígbà ayé rẹ̀. Tíṣà ń mu ife ńlá mẹ́ta lójúmọ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ní bàtà ló fún òun. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ẹnu rẹ̀ bá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ṣubú sáàárín àwọn ike.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ní rọpárọsẹ̀ ni. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì náà ti bàjẹ́.

4.
Sẹ̀gilọlá wá. Èsì kejì ti jáde ṣáájú: àwọn eku tó mu omi ewé náà púpọ̀, kíndìnrín wọn bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti sọ fún un, Tíṣà sì ní kí wọ́n sọ pé òun kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu bàbá náà. "Má sunkún. Nínú gbogbo ọmọ tí mo kọ́, ìwọ nìkan ló lè sọ fún mi pé rárá. Ìwọ ni mo fi ń yangàn."

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Mú fóònù mi. Pe gbogbo ẹni tó ra àgbo lọ́wọ́ mi. Ní kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n padà sídìí oògùn wọn."

Ọjọ́ méjì ni Dùnmínínú fi pè wọ́n tán. Tíṣà kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́. Ẹ̀rọ ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ báyìí. Sẹ̀gilọlá ṣì ń wádìí ewé náà, ìwọ̀n kan tẹ̀ lé òmíràn. Gbogbo Ìgbẹmọ ló ń fi orúkọ ọmọ náà yangàn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ewé wa níyì, àwọn ọmọ wa tó ń yẹ̀ ẹ́ wò sì níyì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ dúró gbọ́ èsì wọn. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró láìbá dókítà yín sọ̀rọ̀, ẹ má sì ra àgbo nítorí ohun tí wọ́n kọ sára ike. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.