Pílọ́ọ̀ Tó Ju Katakata Lọ

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìdajì ìtàn tí ẹ sì ti ń fi ránṣẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ ka ti òní yìí tán. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ra ohun àlòkù kan lọ́sẹ̀ yìí, ẹ tiẹ̀ jókòó kà á.

1.
Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Katakata. Àwàdà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ náà, nítorí katakata rẹ̀ kéré, ó sì ti gbó. Bó bá ń bọ̀ lọ́nà, ikọ́ rẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Òun àti àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, ni wọ́n jọ gba ilẹ̀ kan láti fi dáko. Ilẹ̀ náà ti wà lásán fún odindi ọdún kan. Onílẹ̀ ti wá sọ ọ́ kò wọ́n lójú pé bí òjò ọdún yìí bá tún lọ tí wọn kò gbin nǹkan kan, òun yóò gba ilẹ̀ òun.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Pílọ́ọ̀, irin tí katakata ń wọ́ láti fi tú ilẹ̀, kò sí. Ìdí Ọ̀gá Katakata kò gbélẹ̀ mọ́. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá jáde síta, á máa wojú ọ̀run. Oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ bá gbé kalẹ̀, ibẹ̀ ló ń tutù sí. Ohun tó tún ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí oko wọn jọ pààlà. Katakata tíṣà tóbi, pílọ́ọ̀ rẹ̀ ní àwo irin mẹ́ta tó ń gé ilẹ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

2.
Òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ sí àgbàlá ẹni tó ń ta irin oko àlòkù. Pílọ́ọ̀ méjì ló kù nílẹ̀. Ọ̀kan ní àwo méjì, ó ti dípẹtà díẹ̀ létí, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ti sán. Èkejì ní àwo mẹ́rin, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ní ọ̀dà pupa, ó ń dán gbinrin.

Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kan èyí tó ní àwo méjì. "Bàbá àwọn ọmọ, èyí ló jọ tiwa."

"Tíṣà ní mẹ́ta, kí èmi wá gbé méjì wálé? Kí wọ́n lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Ṣé katakata wa á lè gbé mẹ́rin?"

Ẹni tó ń tajà ní, "Ọ̀gá, ẹ wa katakata yín wá, ká so ó mọ́ ọn, kí ẹ fojú ara yín rí i. Bí ò bá gbé e, ẹ mú kékeré."

Ọ̀gá wo ojú ọ̀run. Ó ti ṣú. "Kí n lọ, kí n bọ̀, kí òjò tún dá mi dúró? Ẹ bá mi gbé alàwo mẹ́rin sórí ọkọ̀ jàre!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìrìn tó kọ̀ láti rìn yẹn kò jìnnà o.

3.
Nígbà tí wọ́n so pílọ́ọ̀ mọ́ katakata lóko, tí Ọ̀gá fẹ́ gbé e sókè, pílọ́ọ̀ kò kúrò nílẹ̀. Iwájú katakata ló gbéra, bí ewúrẹ́ tó fẹ́ já ewé lórí igi. Àwọn tó ń kọjá bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì í gidi. Ó di àpò iyanrìn mọ́ iwájú kó lè wúwo, àpò yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó tún dì í, ó tún bọ́. Ó ń làágùn, ó ń sáré yí katakata ká.

Ìgbà náà ni àbúrò rẹ̀ gbé búrẹ́dì gbígbóná dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: Oníbúrẹ́dì sanra, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀.

"Gun iwájú, jókòó sórí irin yìí," ni Ọ̀gá wí. "Ìwọ nìkan tó àpò iyanrìn mẹ́ta."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé n ò ní já bọ́ báyìí?"

"Ọmọ ọwọ́ ni ọ́ ni? Di irin mú. Àbí o fẹ́ kí onílẹ̀ gba ilẹ̀?"

Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín, ó gùn ún.

Wọ́n tú ilẹ̀ lọ, wọ́n tú u bọ̀, kò sí ewu. Bí wọ́n ṣe dé etí ààlà, Ọ̀gá rí tíṣà tó dúró tó ń wò wọ́n. Orí rẹ̀ wú. Ó fi ọwọ́ kan juwọ́ sí i, ó sì tẹ katakata kí eré rẹ̀ le sí i. Tíṣà ń pariwo pé kí wọ́n sọ ọkùnrin yẹn kalẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo katakata kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ.

Pílọ́ọ̀ kọ́ gbòǹgbò igi. Iwájú katakata fò sókè, ó sì balẹ̀. Nígbà tó fi máa balẹ̀, Oníbúrẹ́dì ti wà lábẹ́ rẹ̀.

4.
Wọn kò rí ẹsẹ̀ ọ̀tún gbà là. Dókítà gé e nísàlẹ̀ orúnkún. Ẹ rántí pé orí ìdúró ni ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ti ń ṣiṣẹ́ jẹun o. Òjò rọ̀, òjò dá, kò sẹ́ni tó rántí oko. Onílẹ̀ gba ilẹ̀ rẹ̀.

Ní ọsibítù, Ọ̀gá Katakata kò lè jókòó. Ó ń lọ sójú fèrèsé, ó ń padà sídìí bẹ́ẹ̀dì. Àbúrò rẹ̀ ń wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn mi. Ṣé kò sí pílọ́ọ̀ kékeré níbi tí ẹ ti rà á ni?"

Ìyàwó Ọ̀gá tẹrí ba.

"Ó wà," ni Ọ̀gá dáhùn.

"Kí ló wá dé tí ẹ ò mú un?"

Ó fẹ́ purọ́, irọ́ ò wá. "Tíṣà ní mẹ́ta."

Oníbúrẹ́dì wo ibi tí aṣọ ìbora ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó yíjú sí ògiri. Títí di òní, ó ń kí ọkùnrin náà bó bá rí i, ṣùgbọ́n kò pè é ní ẹ̀gbọ́n mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ gbọ́ o. Bí ẹ bá fẹ́ ra irin àlòkù fún katakata, ẹ wa katakata yín lọ síbẹ̀, kí ẹ so ó, kí ẹ gbé e wò, kí ẹ tó gbé e wálé. Ẹ má ṣe tìtorí ohun tó wà lóko ẹlòmíràn ra ohun tí apá yín kò ká. Ẹ má sì fi ẹran ara èèyàn ṣe àpò iyanrìn láé, bó ti wù kí òjò máa lé yín tó. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ìdí rẹ̀ kò gbélẹ̀. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.