Bí Edith Ṣe Mú Tiwa Fẹ́ràn Ìwé

Nígbà tí Edith kọ́kọ́ gbé ìwé lé Tiwa lọ́wọ́, ńṣe ni ọmọ náà fà á ya, ó sì gé e jẹ lápá títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Edith kò nà án. Ó fi omi iyọ̀ fọ ojú ọgbẹ́ náà, ó ní, "Ó dáa, ìwọ fúnra ẹ mú èyí tó wù ẹ́."

Tiwa mú èyí tí wọ́n ya erin sí. Edith ń ké bí erin, ó ń ju apá kiri. Ọmọ náà fajú ro títí, àmọ́ nígbà tó yá, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán, Edith á ti ilẹ̀kùn, á ta kọ́tìnì, wọn á jókòó sórí ẹní. Tiwa tètè mọ̀ ọ́n kà. Orúkọ ara rẹ̀ nìkan ló pẹ́ kó tó gbà láti kà.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Mummy Jayé, aládùúgbò wọn ní Alápẹ̀rẹ̀, wí. "Tèmi, pẹ̀lú bí mo ṣe ń nà án tó, kò kàwé."

"Ẹ má nà án mọ́, Mummy Jayé. Ẹ jẹ́ kó gbádùn ẹ̀."

Lọ́jọ́ kan, Tiwa fò mọ́ ọn: "Mummy, mo kà á tán!" Edith sunkún.

Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Tí ọkọ̀ bá dúró níta, á fọwọ́ bo Tiwa lẹ́nu. Torí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Adéṣẹ́gun ló ṣe sá kúrò ní Ajegunle.

Ọ̀sán Sátidé kan, Adéṣẹ́gun fẹsẹ̀ já ilẹ̀kùn wọlé, obìnrin kan tẹ̀ lé e. Ó gbá Edith létí, ó fi orí rẹ̀ gbá ògiri. Edith ki ọmọ odó mọ́lẹ̀, ó là á mọ́ ọn léjìká, egungun ró wàó. Obìnrin náà fi irun wọ́ Edith nílẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ gún un lẹ́nu títí eyín fi bọ́.

"Ẹ gbà mí o!" ni Edith ké. "Wọ́n fẹ́ gba ọmọ mi!"

Mummy Jayé kó èrò dé. Wọ́n fi igi bo Adéṣẹ́gun títí ó fi ṣubú. Tiwa dì mọ́ Edith lẹ́sẹ̀, ó ń ké, "Ẹ fi mummy mi sílẹ̀!"

Obìnrin náà kúnlẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ọmọ náà: "Démiládé, èmi ni mo bí ẹ, látọjọ́ tí obìnrin yìí ti jí ẹ gbé ní Mile 12 ni èmi àti daddy ẹ ti ń wá ẹ."