Bàbá Tó Kí Ìbínú Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ tèmi. Ní Ìkìrun, nítòsí ojú irin, ni Bàbá Láwoyin ń gbé. Ó lawọ́, ó sì mọ ẹjọ́ dá, ṣùgbọ́n inú tètè máa ń bí i. Ẹni tó bá kí i tí kò dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó ti rí ìjà he nìyẹn.

Mosúnmọ́lá, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, ti mú àfẹ́sọ́nà wálé rí. Ọkùnrin náà kàn tẹ̀ ba, ó fi ìka kan ilẹ̀. Bàbá ní kí òun àti ẹbí rẹ̀ gbé iṣu tí wọ́n gbé wá padà. Wọ́n gbé e, wọn ò sì wẹ̀yìn mọ́. Nígbà tí ẹlòmíì wá dẹnu ìfẹ́ kọ Mosúnmọ́lá, tí òun náà gbà, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá mi, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá lé àwọn èyí náà, àbúrò yín ni màá ní kó fà mí lé ọkọ lọ́wọ́. Ẹ ò ní sí níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Bàbá lákínyẹmí ara. Ta ló fẹ́ kí ẹlòmíì súre ìgbéyàwó fún ọmọ òun nígbà tí òun ṣì wà láàyè? Bó ṣe gbà láti lọ rí Ìyáàfin Ọdẹ́tọ́lá nìyẹn, obìnrin tó ń gbani nímọ̀ràn ní ọsibítù. Ó ti kàwé nípa ìtọ́jú ọkàn ní yunifásítì, ó sì ti gbé lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní ilẹ̀ Ṣìríláńkà, níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́ kó máa ṣọ́ èémí ara rẹ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di ẹlẹ́sìn Búdà ni?" Bàbá bi í.

"Rárá o, Bàbá. Ẹ máa kírun yín lọ. Ìjókòó yẹn nìkan ni mo yá lọ́wọ́ wọn."

Ó kọ́kọ́ jẹ́ kí Bàbá sọ̀rọ̀. Ó bi í nípa ìgbà tí ìbínú yìí ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá rò ó títí, ló bá rántí ọjọ́ tí ọ̀gá kan gbá a létí níṣojú èrò, nígbà tó ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Kò lè fèsì lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá rí i fín, ṣe ló máa ń dà bí ẹni pé wọ́n tún gbá a létí. Bàbá sunkún níwájú obìnrin náà, ara sì tù ú.

Ìyáàfin ní, "A ti mọ ibi tí ìbínú ti ń bọ̀. Ó ku ohun tí ẹ máa ṣe bó bá dé. Ẹ máa jókòó jẹ́ẹ́ láràárọ̀, kí ẹ máa ṣọ́ èémí yín. Bí ìbínú bá yọjú, ẹ má lé e, ẹ má sì bá a jà. Ẹ kí i, kí ẹ sì padà sídìí èémí yín."

Ẹ wá wo ọmọ Yorùbá. Bàbá délé, ó jókòó, ìbínú dé, ó kí i káàbọ̀. Ó béèrè àlàáfíà ilé, ó béèrè ọmọ, ó ní kí ló gbé e wá. Ìbínú ò kúkú yadi. Ó ka ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ará àdúgbò sílẹ̀ fún un. Kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná, Bàbá ti jágbe mọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì ti gba ọsibítù lọ láti sọ pé oògùn wọn ò jẹ́.

Ìyáàfin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, àga lẹ fún un yẹn. Bí a ṣe ń kí ẹni tó ń kọjá lójúde ni kí ẹ ṣe kí i. Ẹ ní, 'Ìbínú, mo rí ọ o,' ó parí."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó tún bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi mọ́ ọn lára.

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ pé. Àwọn ará ọkọ pẹ́ kí wọ́n tó dé. Nígbà tí wọ́n wọlé, gbogbo ọkùnrin tó kù nà gbalaja, ṣùgbọ́n Gbádébọ̀, ọkọ ìyàwó gan-an, tẹ̀ ba lásán, kò sì lọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mosúnmọ́lá, tó ń yọjú láti inú yàrá, fọwọ́ bojú.

Etí Bàbá gbóná. Ó ti di àga mú láti dìde. Ó mí sínú, ó mí síta. Ó sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Ìbínú, mo rí ọ o." Ìbínú náà ò tíì lọ, ṣùgbọ́n kò bo Bàbá lójú mọ́. Ìgbà yẹn ni Bàbá wá rí ọmọkùnrin náà dáadáa. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ó di ìbàdí mú, ó sì ń gbọ̀n.

"Ọmọ mi," Bàbá ní, "kí ló ń dùn ọ́?"

Ẹ̀gbọ́n Gbádébọ̀ ló dáhùn. Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú lọ́nà. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù, ó kọ̀, ó ní bí òun ò bá dé ibẹ̀, Bàbá á rò pé òun ò kà á sí.

Bàbá Láwoyin dìde. Àgbàlagbà tí gbogbo àdúgbò ń dọ̀bálẹ̀ fún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi èjìká gbé àna rẹ̀, ó sì mú un jókòó sórí àga tirẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Ẹni tó fi irú ìrora yìí wá kí mi, ó ti dọ̀bálẹ̀ fún mi ju bó ṣe yẹ lọ." Ilé hó yèè. Mosúnmọ́lá sáré jáde, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀, ó ń sunkún ayọ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí sọ pé kò tíì yẹ kí ìyàwó jáde. Nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó pé, Bàbá fúnra rẹ̀ ló súre, òun náà ló fa ọmọ rẹ̀ lé ọkọ lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò sẹ́ni tí inú kì í bí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ìbínú wo èèyàn kò lè rí i. Ẹ wá ẹni tí ẹ lè sọ ohun tó ń dùn yín fún, kí ẹ sì kọ́ láti jókòó jẹ́ẹ́ wo ọkàn ara yín. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ní í rí ìfun inú rẹ̀.