Àwòrán Ojú Bàbá Siu Mun

Ẹja ni Yoke Fong kọ́kọ́ bá nínú dúrọ́ọ̀ aṣọ, ìdin ti bò ó. Ó pe ọkọ rẹ̀, Kam Weng, ó sì bú u títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Kam Weng kò jiyàn. Ó fọwọ́ kó ìdin, ó fọ dúrọ́ọ̀, ó ní kó má bínú.

Kò pẹ́ sí i, ìtọ̀ ló bá nínú ìkòkò ìrẹsì.

"Bàbá Siu Mun, ṣé ewúrẹ́ ni ọ́ ni? Nínú ohun tí à ń jẹ!"

"Pẹ̀lẹ́, Ìyá Siu Mun. Màá fọ̀ ọ́."

"Fọ kí ni? Gbé e sọnù! Ìwọ gan-an ni ǹ bá gbé sọnù ká ní mo lágbára ẹ."

Ọkùnrin náà wá ń rí i lára. Yoke Fong kò lè jẹun níwájú rẹ̀ mọ́. Kọfí oní-mílíìkì dídùn nìkan ló ń gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Ọjọ́ tí iná gáàsì ran aṣọ fèrèsé, ọmọ wọn, Siu Mun, pariwo lórí fóònù pé kí àwọn méjèèjì lọ ṣàyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ìlú Ipoh. Yoke Fong gbà kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun náà, kí wọ́n ya fọ́tò ẹyinjú òun náà, kí bàbá má bàa rí àwáwí. Kam Weng ló wa mọ́tò.

"Ṣáà má pa wá," ni obìnrin náà ń wí títí wọ́n fi débẹ̀.

Nígbà tí èsì jáde, Kam Weng ni dókítà pè wọlé. Inú bí Yoke Fong. Ta ni kò mọ̀ pé a kì í sọ àìsàn àgbàlagbà lójú ara rẹ̀? Ará ilé rẹ̀ là ń pè sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Dókítà ọmọ àná, aláìlẹ́kọ̀ọ́!

Bàbá jáde, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Kí ló wí?"

"Ó ní àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú ẹyinjú ti wọ́, wọ́n ń jò. Ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ló bà wọ́n jẹ́. Bí wọ́n ṣe rí lójú, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n rí nínú ọpọlọ."

"Mo mọ̀! Ọpọlọ rẹ ti jẹrà. Mi ò lè bá ọ gbélé mọ́."

Kam Weng wo ilẹ̀. "Òótọ́ lo sọ. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan wà lọ́nà Gopeng. Ṣé wàá sìn mí débẹ̀?"

"Àní lónìí!"

Ibẹ̀ ń rùn: ìtọ̀, ìpara, ọbẹ̀ àná. Yoke Fong di imú. Síbẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n ní òun ò ṣe ojúṣe aya. Òun fúnra rẹ̀ ló yan bẹ́ẹ̀dì, ó sì jókòó lé e kó lè mọ̀ bóyá ó le jù.

"Èyí dáa," ó wí fún nọ́ọ̀sì. "Àmọ́ ẹ tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ ẹ o. Bàbá Siu Mun máa tọ̀ sí i."

"A ti tẹ́ ẹ, Màmá," ni nọ́ọ̀sì dáhùn, ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ Yoke Fong, ó rọra gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀ ni Kam Weng nìkan ń padà lọ sídìí mọ́tò, tó ń sunkún.