Odídẹrẹ́ Àrìnpé

Òkú ẹyẹ ni Kọ́lájọ fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà. Bí àwọn apẹja Abereke bá rí ẹyẹ tó kú sétí òkun, òun ni wọ́n ń gbé e fún. Á bó awọ rẹ̀ tìyẹ́tìyẹ́, á fi igi fífúyẹ́ gbẹ́ ara mìíràn fún un, á wá gbé awọ náà wọ igi bí ẹni wọṣọ fọ́mọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ l'Ákùúrẹ́. Àwọn aládùúgbò a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àwọn kú níṣojú ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Àrìnpé, opó tí ilé rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ lórí omi, gbé odídẹrẹ́ rẹ̀ wá nínú agbọ̀n. Ó ti kú.

"Bá mi ṣe é, ọma mi. Jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́."

Ta ni kò mọ ẹyẹ náà? Láti ọdún tó kọjá tí omi ti gbé ọkọ Àrìnpé lọ lẹ́yìnkùlé wọn ni odídẹrẹ́ yìí ti ń fi ohùn bàbá náà pè é: "Àrìnpé! Àrìnpé o!", bí ọlọ́kọ̀ ṣe ń pe ará ilé kó wá gba okùn. Àwọn obìnrin a máa sunkún bí wọ́n bá gbọ́ ọ, wọ́n á ní ìfẹ́ kì í kú. Àrìnpé ní tirẹ̀ kì í pẹ́ nílé mọ́. Ilé onílé ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ Ẹtì náà, Kọ́lájọ sá awọ kan sórí àfárá pákó tó so ilé méjèèjì pọ̀, kò sì gbọn májèlé tó fi ń lé kòkòrò kúrò lára rẹ̀ dànù. Ó rí odídẹrẹ́ náà níbẹ̀ tó ń ṣa nǹkan jẹ.

Kò sọ èyí fún Àrìnpé. Ó bó ẹyẹ náà. Ọrùn rẹ̀ ti yẹ̀. Kọ́lájọ gbà pé ìṣubú ló fà á. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ṣe iṣẹ́ náà. Bí òun àti Àrìnpé bá pàdé lórí àfárá, adìẹ bà lókùn ni: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ó pinnu pé ẹyẹ náà kò ní kàn jókòó lásán. Ó na ọrùn rẹ̀ síwájú, ó la ẹnu rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe bó bá fẹ́ pè. Kò ṣe iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tó gbé e lọ fún Àrìnpé, obìnrin náà wo ẹnu tó là náà, ó gbójú kúrò.

Kọ́lájọ dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, ẹ dárí jì mí. Májèlé mi ló pa á. Èmi ni mo gba ohùn bàbá lọ́wọ́ yín."

"Dìde. Ìwọ kọ́. Èmi ni mo lọ́ ọ lọ́rùn."

"Kí ló dé, ìyá?"

"Bí ọkọ mi ṣe pè mí kẹ́yìn láti inú omi ló ń pè mí," ni Àrìnpé wí, "mo sì gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìdí ẹja tí mo ń yan ni mo jókòó sí títí ó fi dákẹ́."