Àwọn Tí Ẹ̀rọ Fò

Ilẹ̀ ti ń ṣú, Jọláadé ṣì wà nídìí kọ̀ǹpútà ìjọba ìbílẹ̀, inú ń bí i. Títì tuntun fẹ́ gba itẹ́ òkú kọjá. Fáìlì ńlá tí orúkọ àwọn òkú tí wọ́n máa hú wà nínú rẹ̀ ló ń fi ẹ̀rọ gé sí wẹ́wẹ́, kí ikọ̀ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè gba tiwọn. Àmọ́ bí ẹ̀rọ bá ti kan orúkọ tí kò lè kà, á dúró gbagidi.

"Jọláadé, má ní kó fò wọ́n o," ọ̀gá rẹ̀, Alàgbà Fátúnmbí, ti kìlọ̀ kó tó lọ sílé. "Ní kó kó wọn sọ́tọ̀. Ẹni tá a bá fò, títì á gorí ẹ̀."

"Ó ti sú mi jàre!" Jọláadé yí ètò náà padà: èyí tó bá ṣòro, fò ó, máa lọ.

Ẹ̀rọ fo orúkọ kan. Ẹsẹ̀ kan wọ́ nílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fo òmíràn, ẹsẹ̀ mìíràn sì kún un. Òórùn ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ gba gbogbo yàrá.

"Ta nìyẹn?"

Ó yára nawọ́ sí bọ́tìnnì láti dá ẹ̀rọ dúró. Ọwọ́ tútù kan, tí amọ̀ bò, ti wà níbẹ̀ ṣáájú tirẹ̀.

"Jẹ́ kó máa fò wá lọ," ni ohùn obìnrin kan sọ létí rẹ̀. "A ò tíì pé."