Ìpè Orúkọ ní Kíláàsì Àtinúdá

"Orí òfìfo! Ewúrẹ́ ní àtinúdá jù yín lọ!"

Olùkọ́ àtinúdá kẹ̀yìn sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà ní ìlú Púnè, ní Íńdíà, bó ti máa ń ṣe, ó ń da ìwé àtijọ́ kọ sójú pátákó. Nígbà tó parí, ó dorí kodò sórí ìwé orúkọ, ó ń pè wọ́n.

"Bendre?"

"Sà!" Ohùn náà ki.

"Kelkar?"

"Mo wà, sà!" Èyí tín-ín-rín.

"Oza, ọ̀fìnkìn yẹn ò tíì lọ ni? Ọ̀dẹ̀!"

Oza sín. "Ó kù díẹ̀, sà."

Nínú ọgọ́ta orúkọ, kò sí èyí tí wọn ò dáhùn sí. Olùkọ́ wá gbójú sókè láti pòṣé sí wọn.

Ènìyàn mẹ́rin péré ló wà nínú kíláàsì. Ọmọbìnrin kan tó dáhùn fún Oza tí kò wá ṣì ń nu imú.